Svalbard, Ilẹ̀ Tí Kò Ní Ọmọ Onílẹ̀

Bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Kwali, lágbègbè Abuja, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, méjìlá ọ̀sán náà ló lù ní Longyearbyen, nítorí aago Nàìjíríà àti aago Norway kì í yàtọ̀ síra lásìkò yẹn. Ní Kwali, ọyẹ́ á ti bẹ́ ètè ọmọdé, eruku á ti bo ewé mángòrò lẹ́bàá ọ̀nà Lokoja, oòrùn á sì wà lókè gangan. Ní Longyearbyen, òkùnkùn ni. Oòrùn ò ní yọ lónìí, kò ní yọ lọ́la, ó sì ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Longyearbyen yìí ni ìlú tó tóbi jù ní Svalbard, ọ̀wọ́ erékùṣù kan tó wà láàárín Norway àti òpin àríwá ayé, tó sì fi ohun tó lé ní 7,500 kìlómítà jìnnà sí Kwali.

Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu ní Yangoji lè béèrè pé kí ló kan òun nípa ilẹ̀ yìnyín. Ó kàn án. Láti ọdún 2008 ni irúgbìn ẹ̀wà tí wọ́n kó jọ láti oko àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ ti wà nínú òkè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Longyearbyen, láti Ìbàdàn ni wọ́n sì ti fi wọ́n ránṣẹ́. Kí irúgbìn yẹn tó débẹ̀, irinwó ọdún ni aráyé fi ń lọ sí Svalbard láti lọ kó nǹkan wá sílé: wọ́n kó òróró, wọ́n kó eyín, wọ́n kó awọ, wọ́n kó èédú. Ìtàn erékùṣù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju èyí lọ: ta ló dé, kí ló wá kó, kí ló sì lé e padà. Ẹ̀wà Ìbàdàn wà lára ohun díẹ̀ tí ènìyàn gbé lọ síbẹ̀ kí ó lè wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Ẹ kó ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní agbègbè olú ìlú wa pọ̀, kí ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po mẹ́jọ, Svalbard ṣì fi díẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ. Ó lé ní 61,000 kìlómítà níbùú lóròó. Spitsbergen ló tóbi jù nínú àwọn erékùṣù náà, Nordaustlandet ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Edgeøya àti Barentsøya, àti àwọn kéékèèké tó pọ̀ káàkiri. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ilẹ̀ náà ló wà lábẹ́ yìnyín tí kì í yọ́ tán láti ọdún dé ọdún. Òkè ló kún ibẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn, Newtontoppen, ga tó 1,713 mítà. Kò sí igbó. Igi wílò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ga ju ìka ọwọ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá mọ́ kí afẹ́fẹ́ má baà fà á tu.

Ilẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ níbẹ̀ dì gbagidi dé ìsàlẹ̀. Létí òkun, ìdìpọ̀ yẹn máa ń jìn tó nǹkan bí 100 mítà. Lábẹ́ àwọn òkè, ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìwọ̀nba tó wà lókè nìkan ló ń rọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ilé ka orí òpó, kí ooru ilé má baà yọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí yìnyín ti pọ̀ tó yẹn, ojú ọ̀run ibẹ̀ ò lawọ́. Òjò àti ìrì dídì tó ń bọ́ ní Longyearbyen lọ́dún kò ju nǹkan bí 200 mìlímítà lọ. Maiduguri tí a ń pè ní ilẹ̀ gbígbẹ rí òjò jù ú lọ, ti Abuja sì ju ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ. Yìnyín ibẹ̀ pọ̀ nítorí pé èyí tó bọ́ kì í lọ, kì í ṣe nítorí pé púpọ̀ ló ń bọ́.

Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di àárín oṣù kejì ni oòrùn kì í yọ ní Longyearbyen. Àní bó bá tiẹ̀ padà dé, àwọn òkè tó yí ìlú ká á ṣì dí i lójú. Ó di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó kan àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn àtijọ́, ibẹ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ti ń péjọ láti kí i káàbọ̀. Nígbà tó bá di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹrin, oòrùn kan náà á kọ̀ kò ní wọ̀ mọ́, á máa yí ká ojú ọ̀run tọ̀sán tòru fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù kẹta ọdún 1986, òtútù ibẹ̀ dé ìwọ̀n 46.3 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, Svalbard kò tutù tó bó ti yẹ kí ó tutù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ń ṣàn wá láti gúúsù, láti inú òkun Atlantic, ó sì ń gba ìwọ̀ oòrùn Spitsbergen kọjá, kì í jẹ́ kí òkun apá ibẹ̀ dì bíi ti ìlà oòrùn. Omi yìí ló pinnu ìtàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó dé Svalbard láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ìlú rẹ̀ wà títí di òní.

Lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹnu ò kò. Ní Kwali níbí pàápàá, àwọn àgbà Gbagyi kan á ní láti Borno ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá, àwọn mìíràn á ní ibi tí àwọn wà yìí ni Ọlọ́run dá àwọn sí. Ìjà ti Svalbard yàtọ̀, nítorí kò sí ọmọ bíbí ilẹ̀ náà tí a lè bi léèrè. Títí di òní, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yà kankan fi ibẹ̀ ṣe ilé kí àwọn atukọ̀ tó dé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtàn náà pín sí.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ará Áísílándì. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń ka ọdún, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sí abẹ́ ọdún 1194 pé wọ́n rí Svalbard. Ìwé wọn mìíràn ní ìrìn ọjọ́ mẹ́rin lójú òkun ni láti àríwá ilẹ̀ wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òkè tí wọ́n dárúkọ, kò sí etíkun tí wọ́n júwe, a ò sì tíì rí ààrò tàbí ọ̀kọ̀ wọn kankan lórí erékùṣù náà. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ibẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní etíkun Greenland tàbí erékùṣù Jan Mayen ni àwọn ará ìgbàanì ń wí.

Ìkejì ni ti àwọn Pomor, àwọn ọdẹ àti apẹja ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó wà ní etí Òkun Funfun. Àtẹnudẹ́nu wọn ni pé àwọn baba àwọn ti ń lọ pa ẹran ní Grumant, bí wọ́n ti ń pe ibẹ̀, kí ará Yúróòpù kankan tó mọ ọ̀nà. Awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Vadim Starkov, gbè wọ́n lẹ́yìn: ó ka ọjọ́ orí igi tí wọ́n fi kọ́ àwọn àtíbàbà wọn, ó ní àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway kò gbà. Wọ́n ní ọjọ́ orí igi kì í ṣe ọjọ́ orí ilé, pé nílẹ̀ tí kò ní igi, ohun tí òkun bá gbé wá àti pákó ọkọ̀ tó ti gbó ni ọdẹ fi ń kọ́lé. Nǹkan bí ọdún 1700 ni wọ́n tó rí ẹ̀rí tó dá wọn lójú.

Ìkẹta ni ti Willem Barentsz, ará Họ́láńdì. Ṣáínà ló ń lọ. Àwọn Potogí àti Sípáníìṣì ti gba ọ̀nà gúúsù mọ́ àwọn ará Họ́láńdì lọ́wọ́, wọ́n wá ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yí orí ayé ká lápá àríwá. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1596, yìnyín dí wọn lọ́nà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí òkè ṣóńṣó ṣóńṣó. Wọ́n ya àwòrán etíkun náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kejì, Barentsz fúnra rẹ̀ kú lójú omi lẹ́bàá Novaya Zemlya, lẹ́yìn ìgbà òtútù tí wọ́n fi há sórí yìnyín níbẹ̀.

Lójú tèmi, ti Barentsz nìkan ló ní ẹ̀rí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ṣùgbọ́n àìkọsílẹ̀ kọ́ ni àìdébẹ̀; ọdẹ kì í kọ̀wé ìrìn àjò, àwa Yorùbá sì mọ iye òtítọ́ tó wà lẹ́nu arọ́kin tí ìwé kankan kò gbà sílẹ̀. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni ìdí tí àríyànjiyàn náà fi le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ilẹ̀ tí kò ní olówó, òun ló lè ní òun ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí Norway, nígbà tí ilẹ̀ náà bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọdún 1925, fi gbé orúkọ inú ìwé ọdún 1194 jáde, tó sì fi bo Spitsbergen tí àwọn ará Họ́láńdì sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Òróró ló kọ́kọ́ kó èrò lọ síbẹ̀. Láàárín ọdún 1607 sí 1610, Henry Hudson àti Jonas Poole mú ìròyìn wá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àbùùbùtán pọ̀ nínú àwọn ìyawọ̀ omi Spitsbergen. Ẹja yìí lọ́ra, kì í yára, kì í sì í rì bí wọ́n bá pa á tán. Yúróòpù ń fẹ́ òróró fún àtùpà àti fún ọṣẹ, ohun kan náà tí wọ́n wá ń wá dé etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí epo pupa fi di ọjà ńlá ní Èkó àti Bonny. Ní ọdún 1611, ilé iṣẹ́ Muscovy ti Lọ́ńdọ̀nù rán ọkọ̀ lọ, ó sì háyà àwọn ará Basque tó mọ ọ̀kọ̀ jù ní gbogbo Yúróòpù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Họ́láńdì dé. Ní 1613, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ tó ní àgbá wá, wọ́n sì ń lé àwọn tó kù. Àwọn ará Họ́láńdì pa àwọn oníṣòwò wọn pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, Noordsche Compagnie, ní 1614. Ọba Dẹ́nmákì náà ní tòun ni ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìjà àti ìgbẹ̀san, wọ́n pín in: Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn èbúté gúúsù, Họ́láńdì mú àríwá.

Ní àríwá yẹn ni Smeerenburg ti dìde, ibùdó tí wọ́n ti ń sè ọ̀rá ẹja lórí erékùṣù kékeré kan. Ìtàn tí àwọn atukọ̀ ń sọ, tí ìwé sì ń tún sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù, ilé ọtí àti ilé tẹ́tẹ́. Nígbà tí Louwrens Hacquebord àti àwọn awalẹ̀pìtàn Họ́láńdì wú ibẹ̀ láàárín 1979 sí 1981, ilé bíi mẹ́rìndínlógún sí mọ́kàndínlógún ni wọ́n rí, pẹ̀lú ààrò ńláńlá, àyè tó lè gba nǹkan bí igba ọkùnrin. Ilẹ̀ ló já irọ́ náà. Mi ò ka àwọn atukọ̀ sí òpùrọ́ síbẹ̀: ẹni tó ti rìn lójú òkun òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá rí èéfín ààrò, tó gbóòórùn ọ̀rá, tó gbọ́ ariwo igba ènìyàn, ìlú ńlá ló máa pè é.

Ìṣòro wọn ni pé kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà láti sùn síbẹ̀ nígbà òkùnkùn kí ó lè ṣọ́ ilé. Edward Pellham kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ Muscovy ti mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dájọ́ ikú fún lọ síbẹ̀ rí, wọ́n ní bí wọ́n bá lè fi ìgbà òtútù kan gbébẹ̀, wọ́n dòmìnira. Nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀ náà, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn padà sílé láti lọ kú. Pellham mọ ohun tó ń sọ. Ní 1630, ọkọ̀ fi òun àti àwọn méje mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ yàrá sínú yàrá, wọ́n pa àgbọ̀nrín, béárì àti wọ́rọ́sì, ẹranko inú omi tó léyín gígùn bíi ti erin. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló yè. Ní 1633, ọkùnrin méje láti Họ́láńdì dúró sí Smeerenburg, wọ́n yè. Àwọn méje mìíràn rọ́pò wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀kan tó yè. Òtútù nìkan kọ́ ló pa wọ́n. Àìrí oúnjẹ tútù jẹ ló fà á: àrùn tí ń jẹ́ kí èrìgì wú, kí eyín yẹ̀, kí ara máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹran tútù tí àwọn Pellham ń pa ní èròjà aṣaralóore kan nínú tí ẹran oníyọ̀ inú àgbá kò ní. Ó gba ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kí oníṣègùn Yúróòpù tó lóye ìyàtọ̀ yìí dáadáa.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1660, Smeerenburg ti dahoro. Ẹja ti tán nínú ìyawọ̀ omi, àwọn ọkọ̀ ń lépa èyí tó kù lọ sí ojú agbami, wọ́n sì ń gbé ọ̀rá rẹ̀ lọ sílé láti lọ sè. Ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, agbami náà gbẹ. Àbùùbùtán Spitsbergen tó kù lónìí kéré sí ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ débi pé rírí ọ̀kan máa ń di ìròyìn.

Àwọn Pomor ló jogún ilẹ̀ náà, àwọn ló sì kọ́kọ́ mọ bí a ti ń gbé ibẹ̀ nígbà òkùnkùn. Ní 1743, mẹ́rin nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí Edgeøya láti wá àtíbàbà, ìjì gbé ọkọ̀ wọn lọ, wọn ò sì rí ọkọ̀ mìíràn títí di 1749. Ọ̀kan kú, mẹ́ta padà sílé. Irin tí wọ́n bá lára pákó tí òkun gbé wá ni wọ́n fi rọ ọ̀kọ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọdẹ Norway ti dara pọ̀, àwọn Pomor sì dín kù títí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Béárì funfun, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti wọ́rọ́sì ni wọ́n ń pa. Wọ́rọ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run kí òfin tó dáàbò bò ó ní 1952. Béárì kò rí ààbò títí di 1973.

Láàárín ìyẹn, àwọn tó ń wá òkìkí òpin ayé ń gba ibẹ̀ kọjá. S. A. Andrée láti Sweden àti àwọn méjì mìíràn gbéra nínú bàlúùnù ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje 1897. Ọdún 1930 ni wọ́n tó rí òkú wọn lórí erékùṣù Kvitøya. Roald Amundsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é láṣeyọrí ní 1926, wọ́n fò láti Ny-Ålesund ní Spitsbergen kọjá lórí òpin àríwá ayé dé Alaska.

Èédú ló wá yí ohun gbogbo padà. Àwọn atukọ̀ ti ń wa díẹ̀díẹ̀ jó láti ìgbà àbùùbùtán, ṣùgbọ́n ní 1906 ni John Munro Longyear, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí wà á fún títà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Longyearbyen. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní Enugu. Ẹ fi àwọn méjèèjì wéra. Ní Enugu, ilẹ̀ ní olówó, ìjọba amúnisìn ló gbà á. Ní Svalbard, ilẹ̀ kò ní olówó, kò sì ní ìjọba: kò sí ọlọ́pàá, kò sí kóòtù, ẹni tó bá ri pákó mọ́lẹ̀ tó kọ orúkọ rẹ̀ sí i ló ń pè é ní tirẹ̀. Bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá jà, kò sí ẹni tí wọ́n lè kó ẹjọ́ lọ bá. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní sọ èédú di ọ̀wọ́n, Norway tí kò ní èédú nílé ra ti Longyear ní 1916, nígbà tí ogun sì parí, wọ́n jókòó ní Paris.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1920 ṣọ̀wọ́n láyé. Ó fi ilẹ̀ náà sábẹ́ Norway, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i ló ní ẹ̀tọ́ kan náà láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ lo ibẹ̀ fún ogun. Nípa àǹfààní yìí ni ìjọba Soviet fi ra ibùdó èédú Barentsburg àti Pyramiden, tí àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń gbébẹ̀ sì pọ̀ ju ará Norway lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun kò ka àdéhùn náà sí: ní oṣù kẹsàn-án 1943, ọkọ̀ ogun Jámánì, Tirpitz àti Scharnhorst, dáná sun Longyearbyen àti Barentsburg. Àwọn ọmọ ogun Jámánì kan tó ń wo ojú ọjọ́ lórí Nordaustlandet ni wọ́n juwọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn nínú gbogbo ọmọ ogun Jámánì, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án 1945.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, kòtò èédú bú gbàmù ní Ny-Ålesund, ó pa ènìyàn 21. Ìwádìí dá ìjọba lẹ́bi àìbìkítà, ìjọba Einar Gerhardsen sì wó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ èédú 21 ní Iva Valley, Enugu, ìjọba tó pa wọ́n kò sì wó. Iye òkú kan náà. Ibi tí ẹjọ́ wọn já sí ló yàtọ̀, nítorí àwọn kan ní ìbò lọ́wọ́, àwọn kan kò ní.

Títí di 1975 tí wọ́n ṣí pápákọ̀ òfuurufú, bí òkun bá ti dì ní ìparí ọdún, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Lẹ́tà àti oúnjẹ tútù kì í wọlé bó ṣe yẹ, aláìsàn kì í jáde. Lónìí, ọkọ̀ òfuurufú ń lọ láti Oslo àti Tromsø lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mọ́tò láti ìlú kan sí ìkejì títí di ìsinsìnyí. Alùpùpù orí yìnyín ni nígbà òtútù, ọkọ̀ ojú omi ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò nígboro gbọ́dọ̀ mú ohun tó lè fi lé béárì dání, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbé ìbọn.

Svalbard fúnra rẹ̀ kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ Nàìjíríà ni o, ọmọ Ṣáínà ni o. Ará Thailand àti Philippines pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lè bọ́ ara rẹ̀, tó ní ilé tó ń gbé, lè dúró. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ara rẹ̀, gómìnà lè ní kó máa lọ. Àmọ́ Norway ni ọkọ̀ ń gbà débẹ̀, físà Norway sì di dandan fún ọmọ Nàìjíríà ní àlọ àti ní àbọ̀. Aboyún á lọ bímọ sí ìlú òkèèrè kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tó pé. Láti 1950 ni itẹ́ òkú Longyearbyen kò ti gba pósí mọ́, nítorí ilẹ̀ tó dì yẹn kì í jẹ́ kí òkú jẹrà. Wọn kì í bí ọmọ síbẹ̀, wọn kì í sin òkú síbẹ̀. Ilẹ̀ náà ò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni di onílẹ̀.

Àwọn tó mọ ojú ọjọ́ sọ pé Svalbard ti fi ìwọ̀n 3 sí 5 lórí ìwọ̀n Celsius gbóná sí i láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ fíìfíì. Ní oṣù keje 2020, ó dé ìwọ̀n 21.7 ní Longyearbyen, irú èyí tí wọn ò rí rí. Ní oṣù kejìlá 2015, ìrì dídì ya láti orí òkè wọ ìgboro, ó gbé ilé kúrò ní ìdúró, ó pa ènìyàn méjì. Norway ti kòtò èédú rẹ̀ tó kẹ́yìn pa ní 2025. Èédú tí wọ́n wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà lára ohun tó mú ayé gbóná, ibẹ̀ sì ni ooru náà ti kọ́kọ́ ń hàn jù.

Nínú kòtò èédú tí wọ́n ti pa tì ni èrò ilé irúgbìn ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1984 ni àwọn orílẹ̀-èdè Nordic ti ń kó irúgbìn wọn pamọ́ sínú ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì 2008, wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ irúgbìn gbogbo ayé, tí wọ́n gbẹ́ wọ inú òkè Platåberget ní ohun tó lé ní 100 mítà. Wangari Maathai ti Kenya wà níbẹ̀ pẹ̀lú olórí ìjọba Norway, Jens Stoltenberg. Ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú inú rẹ̀ tutù dé. Bí iná bá tilẹ̀ lọ, ilẹ̀ dídì náà ṣì lè pa irúgbìn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Irúgbìn tó wà níbẹ̀ ti lé ní oríṣi mílíọ̀nù kan.

Kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí ni ẹrù Ìbàdàn ti gbéra. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ló ní àkójọ ẹ̀wà tó tóbi jù láyé, ó lé ní oríṣi 15,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, wọ́n di àpótí 21, tó ní nǹkan bí oríṣi irúgbìn 7,000 láti ohun tó lé ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 30: ẹ̀wà, àgbàdo, sóyà, àti gujiya, ẹ̀pà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ́kpá ní Enugu. Kò sí ìwà ọ̀làjú kan tó ṣàjèjì sí wa nínú èyí. Àwọn ìyá wa ń so àgbàdo mọ́ òkè àdìro kí èéfín lè lé kòkòrò, wọ́n ń fi eérú po ẹ̀wà inú akèrègbè, àwọn Gbagyi sì ń mọ amọ̀ di àká. Ọgbọ́n kan náà ni: má jẹ irúgbìn.

Ẹni tó bá gbé irúgbìn lọ síbẹ̀ ló ni ín; Norway kò gbọdọ̀ ṣí àpótí rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn ní 2015. Ogun Syria ti lé àwọn onímọ̀ ICARDA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, kúrò ní ilé irúgbìn wọn ní Aleppo, wọ́n béèrè àpótí wọn padà, wọ́n gbìn ín ní Lebanon àti Morocco, wọ́n sì dá irú rẹ̀ padà sí Svalbard lẹ́yìn náà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba tiwọn. Ilé náà kò kọjá ewu o: ní 2016, òjò rọ̀ níbi tó yẹ kí ìrì dídì bọ́, omi sì wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò dé ibi tí irúgbìn wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti tún ẹnu ọ̀nà náà kọ́.

Ohun tí kò bá wọ àpótí kò sí ní Svalbard. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Kwali, Pai, Dafa àti Yebu, àti ẹ̀yin tí ẹ ní oko nílé ní Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Kwara: bí ìyá yín bá ṣì ní ẹ̀wà, ọkà bàbà tàbí gujiya kan tí ẹ kì í rí lọ́jà mọ́, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ abúlé tí ó ti wá àti oṣù tí wọ́n ń gbìn ín sára àpò, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé irúgbìn IITA tàbí ti ìjọba àpapọ̀, NACGRAB, ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Ẹ ṣe é kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó dé.